Àwòrán àtijọ́ wo ló lè bá yín dá ọ̀pọ̀tọ́ mọ̀? Ìfiwéra fún àwa tí a ń gbìn ín ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ẹni tó bá ra igi ọ̀pọ̀tọ́ òyìnbó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Àbújá, orúkọ kan ṣoṣo ló máa bá igi náà délé: fig. Ẹ bi mállàmù tó ń tà á pé irú wo ni, á ní, “Fig ni, Alájì, á so dáadáa.” Kò purọ́. Àmọ́ irú ọ̀pọ̀tọ́ tó ní orúkọ tirẹ̀ láyé yìí lé ní 600, ìwà wọn kò sì jọra. Òjò oṣù Kẹjọ máa ń la èso òmíràn kí ẹ tó débẹ̀ láàárọ̀. Òmíràn máa ń pa ojú ìdí rẹ̀, ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ èso, dé, omi àti kòkòrò kò ní ráyè wọlé. Òmíràn sì wà tí èso rẹ̀ kò ní gbó rárá, àfi tí agbọ́n kan tó ń bá a gbé nílùú rẹ̀ bá wà nítòsí. Ẹni tó fẹ́ gé ẹ̀ka igi rẹ̀ fún aládùúgbò tàbí fún ọmọ ìjọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń gbé lé e lọ́wọ́.

Kí ló wá kan àwòrán tí wọ́n ti yà láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn? Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn tí wọ́n bá fẹ́ irú ọ̀pọ̀tọ́ kan, kì í ṣe kóró. Igi tó hù láti ara ẹ̀ka kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gé e lára rẹ̀. Igi kan náà ni, ibi tó dúró sí ló yí padà. Bí Dottato, irú ọ̀pọ̀tọ́ Ítálì kan, bá wà nínú ìkòkò yín ní Gwarinpa, irú igi tí ayàwòrán kan jókòó tì ní Ítálì ní ọdún 1820 ló wà níbẹ̀ gan-an. Àgbàdo tí à ń gbin kóró rẹ̀ lọ́dọọdún kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Àwòrán yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe fún yín ni kò dọ́gba. Èrò tèmi rèé: àwòrán tó rẹwà jù kọ́ ló ń sọ òótọ́ jù. Èyí tó la èso sí méjì, tó sì kọ ibi tí wọ́n ti ká a sílẹ̀, ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì retí pé yóò dárúkọ igi yín fún yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá yín yọ àwọn orúkọ tí kò lè jẹ́ tirẹ̀ kúrò, títí tí á fi ku méjì tàbí mẹ́ta.

Kí ẹ tó ṣí ìwé kankan

Mọ̀lẹ́bí ọ̀pọ̀tọ́ kún Òkè Ọya. Ọ̀pọ̀tọ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀ nínú igbó ilé, Ficus sur ni. Àwọn Haúsá ń pè é ní uwar yara. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn ni ɓaure, Ficus sycomorus, igi ńlá tó ní ewé líle. Odán tí ọjà àti ààfin wa ń fi ṣe ibòji, ceɗiya ni wọ́n ń pè é níbí, Ficus thonningii sì ni. Gamji ni Ficus platyphylla. Eépín tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi ewé rẹ̀ ha pákó kí ó lè dán, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú wọn.

Ọ̀pọ̀tọ́ òyìnbó, Ficus carica, kì í sábà ga ju ilé àwọn ènìyàn lọ. Ewé rẹ̀ sábà máa ń pín sí ìka mẹ́ta tàbí márùn-ún, ọwọ́ á sì mọ̀ pé ó ṣe ṣákaṣàka. Idí ewé, lára ẹ̀ka tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni èso rẹ̀ ti ń yọ. Bí ti yín bá ń so ìdì-ìdì lára ìtí igi tàbí lára ẹ̀ka ńlá, ẹ kò nílò ìwé Ítálì kankan. Ti ilẹ̀ wa lẹ ní yẹn.

Àwòrán mìíràn ló wà fún ti ilẹ̀ wa. Flora of West Tropical Africa, tí Hutchinson àti Dalziel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1927, àti Nigerian Trees tí Keay, Onochie àti Stanfield ṣe ní 1960 àti 1964, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Yíǹkì dúdú ni wọ́n fi ya àwòrán inú wọn, kò sí ẹwà kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí èso ti so mọ́ igi hàn kedere, ohun tí ẹ sì nílò nìyẹn. Dalziel yìí, dókítà ìjọba ni ní Òkè Ọya. Ní 1916 ó tẹ ìwé kan tó kún fún orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe igi àti ewé, nígbà tó sì di 1937 ó tún ṣe òmíràn tí orúkọ Yorùbá wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí mállàmù bá dárúkọ igi kan fún yín ní Haúsá, ìwé Dalziel ló yá jù láti bá dé orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ewé gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí tún wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ní ilé ìwádìí oògùn NIPRD ní Idu ní Àbújá níbí, àti ní Forest Herbarium ní Ìbàdàn. Fún odán, ɓaure àti gamji, ewé gbígbẹ yìí ta àwòrán yọ, nítorí igi gidi ni. Ẹ kọ̀wé béèrè ṣáájú kí ẹ tó lọ.

Ẹni tó bá kàn fẹ́ àwòrán àtijọ́ ti igi ọ̀pọ̀tọ́ kan fún ìgbádùn ojú, kí ó wá ti ibojì Khnumhotep kejì ní Beni Hasan ní Íjíbítì. Wọ́n ti yà á láti bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin ń ká èso nísàlẹ̀, àwọn ìnàkí ti gun igi lọ ń jẹ tiwọn. Kò wúlò fún ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwé oògùn àti ìwé èso

Ó ṣeé ṣe kí àwòrán ọ̀pọ̀tọ́ tí Google máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín jẹ́ ti inú ìwé oògùn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó dára ni ti Elizabeth Blackwell, obìnrin ará Scotland tó ya 500 ewé àti egbò láàárín 1737 sí 1739 nítorí pé ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n gbèsè. Òun ló ya àwòrán, òun ló fín in sára bàbà, òun náà ló fi ọwọ́ kun ọ̀dà sí i. Owó ìwé náà ló fi yọ ọkọ rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ obìnrin.

Àmọ́ ẹ ronú nípa ẹni tó ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn ni. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí òun ṣe lè mọ ọ̀pọ̀tọ́ yàtọ̀ sí igi mìíràn. Kò kàn án bóyá Brogiotto ni tàbí Dottato. Ayàwòrán ìwé oògùn á yan igi kan tó jọ ọ̀pọ̀tọ́ dáadáa, á yà á, ó parí. Bí ẹ bá fi ti yín wé e, ó máa jọ ọ́, torí pé ọ̀pọ̀tọ́ ni àwọn méjèèjì. Ìjọra yẹn kò sọ ohunkóhun fún yín.

Ìwé èso, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní pomona, ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn: èwo nínú wọn? Àgbẹ̀, olówó tó ní ọgbà àti ẹni tó ń ta igi ló ń rà á. Duhamel du Monceau ṣe ọ̀kan fún àwọn ará Faransé ní 1768. Ápù, píà àti irú wọn ló gba ibẹ̀ kan, ọ̀pọ̀tọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ lè fò ó. Bartolomeo Bimbi, ayàwòrán ará Ítálì kan, ya àwọn ọ̀pọ̀tọ́ Tuscany jọ sínú àwòrán ńlá kan ní 1696 fún Cosimo kẹta nínú ìdílé Medici, ó sì kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun àrà ni, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ mọ irú orúkọ tó ti pẹ́ tó báyìí. Ṣùgbọ́n èso gbé orí èso, òkùnkùn wà lẹ́yìn wọn, ẹ kò sì ní rí ìdí èso púpọ̀ nínú wọn. Fún ògiri pálọ̀ ni.

Nínú gbogbo rẹ̀, méjì ló kù tó tọ́ kí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Gallesio àti àwọn ayàwòrán Washington

Giorgio Gallesio, ará Finale ní etí òkun Liguria, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Pomona Italiana jáde ní Pisa ní 1817. Ọdún 1839, ọdún tó kú, ló parí. Ó rin Ítálì káàkiri láti rí èso lójú ara rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń gbé e lárugẹ ni pé ewé àti èso sábà máa ń wà lójú ìwé kan náà, ó sì tún kọ ọ̀rọ̀ gígùn ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ tí ìlú yìí ń pè é, èyí tí ìlú kejì ń pè é, ilẹ̀ tó fẹ́ àti ìgbà tó ń pọ́n. Dottato àti Brogiotto wà níbẹ̀. Ó tún mọ̀ pé àkọ́so ọ̀pọ̀tọ́, èyí tó ń yọ lára ẹ̀ka ọdún tó kọjá, lè tóbi ju ti ẹ̀ka tuntun lọ kí ó sì gùn jù ú lọ lórí igi kan náà. Àwọn ará Ítálì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún un: fioroni. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rí àwòrán méjì tí kò jọra kó rò pé igi méjì ni.

Àléébù rẹ̀? Èdè Ítálì ni, ẹ máa gbé e fún Google kó túmọ̀ rẹ̀. Èso tó dára jù nínú ọgbà ni wọ́n máa ń yàn, tí ó yọ̀, tí kò ní àpá. Ọwọ́ ènìyàn ló sì parí àwọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, ìdí nìyí tí ẹ̀dà kan fi lè pọ́n ju ìkejì lọ.

Ti ìjọba Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Ní 1886 wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún èso ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn ní Washington. Nígbà náà, fọ́tò aláwọ̀ kò tíì wọ́pọ̀, àwọn tó ń ta igi sì máa ń fún igi àtijọ́ lórúkọ tuntun kí wọ́n lè tà á lówó gọbọi. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ra igi lórí WhatsApp, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.) Ìjọba gba ayàwòrán síṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà ń fi èso ránṣẹ́, wọ́n ń yà á bó ṣe dé. Deborah Griscom Passmore, Amanda Almira Newton, Mary Daisy Arnold àti Royal Charles Steadman wà lára wọn. Obìnrin ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán náà. Títí di 1942, àwòrán ọ̀dà olómi tó lé ní 7,500 ni wọ́n ti kó jọ. Ápù ló gba nǹkan bí ìdajì, ọ̀pọ̀tọ́ sì wà nínú rẹ̀. Láti 2015, ẹnikẹ́ni lè wà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ńlá.

Wọ́n sábà máa ń ya èso lódindi, lẹ́yìn náà wọ́n á là á sí méjì kí inú rẹ̀ lè hàn. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, ìlú tó ti wá, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ sínú ìwé kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Bí èso bá ní àpá tàbí ó ti ń jẹrà, wọ́n á ya àpá, wọ́n á ya ìjẹrà. Mo gbà wọ́n gbọ́ nítorí èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ: ẹni tó ń fẹ́ ta ọjà kò ní ya èso tó bà jẹ́.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí ewé, torí pé èso nìkan ni wọ́n fi sínú àpótí. Èso yẹn tún ti rìn nínú ọkọ̀ ojú irin fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè ti sùnkì. Èyí tó wá burú jù ni pé orúkọ tó wà nínú ìwé lè jẹ́ ohun tí àgbẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sọ. Bí àgbẹ̀ bá ṣi orúkọ pè, àwòrán dára, orúkọ kò dára. Ẹ wo Brown Turkey, orúkọ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń tà á fún wa. Èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbìn ní California lórúkọ kan náà. Ti California, San Piero ni, èso rẹ̀ tóbi, ó sì dúdú jù. Ẹ lè rí àwòrán méjì tí a kọ Brown Turkey sí, tí àwọn méjèèjì kò sì parọ́.

Èwo ni kí ẹ mú nínú àwọn méjèèjì? Bí ìṣòro yín bá wà lára ewé, tàbí ẹ gbọ́ pé láti ọwọ́ ará Ítálì kan ni igi náà ti wá, ẹ mú Gallesio. Bí èso bá ti wà lọ́wọ́ yín tí ẹ sì ti là á, ti Washington ni. Bí mo bá gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan ṣoṣo, ti Washington ni màá mú.

Àwọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́ kẹ́yìn

Ojú wa máa ń sáré lọ sí àwọ̀, àwọ̀ ló sì máa ń tanni jẹ jù nínú àwòrán àtijọ́. Ọ̀dà pupa tí wọ́n ń fi kòkòrò ṣe máa ń ṣá tí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi bàbà ṣe lè di búráùn bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Funfun òjé lè dúdú. Ẹ̀rọ tó ya àwòrán náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọ̀ tirẹ̀, fóònù yín náà ní tirẹ̀.

Igi gan-an kò sì dúró lójú kan. Èso tó pọ́n ní Lugbe nígbà òjò máa ń fúyẹ́ ní àwọ̀, á kún fún omi, á sì máa là. Kí ọyẹ́ dé, èso igi kan náà á ṣókùnkùn, èèpo rẹ̀ á nípọn, adùn rẹ̀ á jinlẹ̀. Òtútù Jos tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní Ítálì àti California, ìgbà ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀tọ́ ń pọ́n, afẹ́fẹ́ gbẹ, òjò kò sí. Nítorí náà èso tó pọ́n láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ fi wé àwòrán wọn. Ẹni tó bá gbé èso oṣù Kẹsàn-án jókòó ti àwòrán Gallesio ń fi ọ̀sán wé òru.

Bí mo ṣe ń to àwọn àmì náà nìyí, láti orí èyí tó ṣeé gbára lé jù: ojú ìdí èso, bóyá ó ṣí tàbí ó dí; lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ inú èso; lẹ́yìn rẹ̀, bí èso ṣe rí, bóyá ó ní ọrùn tàbí ó rí roboto; lẹ́yìn rẹ̀, ewé; àwọ̀ èèpo ló kẹ́yìn. Irú kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí èèpo rẹ̀ nìkan tó: Panachée, tí ìlà àwọ̀ ewé àti ìyeyè wà lára rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọdé lè fi àwòrán dá ìyẹn mọ̀.

Àwòrán tàbí ọ̀rọ̀?

Ibì kan wà tí àwòrán máa ń dé tí agbára rẹ̀ á pin. Ira J. Condit, olùkọ́ ní Yunifásítì California, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gbin ọ̀pọ̀tọ́, ó wọ̀n ọ́n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1955 ó tẹ ìwé kan tó ṣàlàyé irú ọ̀pọ̀tọ́ tó lé ní 600, pẹ̀lú àwọn orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ka ìwé àwọn tó ṣáájú rẹ̀, Gallesio pàápàá, ó sì ń sọ ibi tí àwọn àwòrán wọn ti bára mu àti ibi tí wọn kò ti bára mu.

Àwòrán ń fi èso kan hàn yín; Condit ń sọ ohun tí púpọ̀ nínú èso igi náà máa ń jẹ́. Bí ó bá ní ojú ìdí rẹ̀ dí, ó ti wo púpọ̀ kó tó sọ ọ́. Gbígbẹ ni ìwé náà láti kà, kò sí ẹni tó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi àwòrán dín orúkọ kù sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wá fi Condit ṣe ìdájọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Condit á sùn.

Òun náà tún là á yé àwọn ènìyàn pé oríṣi mẹ́rin ni ọ̀pọ̀tọ́ pín sí nípa bó ṣe ń so. Akọ igi wà, inú èso rẹ̀ ni agbọ́n kín-ín-kín tó ń jẹ́ Blastophaga psenes ń gbé. Smyrna kò lè gbó láìsí agbọ́n yẹn. Èso rẹ̀ á rọ, á já bọ́. Àwọn àgbẹ̀ California jìyà èyí títí di 1899 tí agbọ́n náà fi fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. San Pedro ń so àkọ́so láìsí agbọ́n, ṣùgbọ́n èso ẹ̀yìn rẹ̀ nílò rẹ̀. Èyí tó kù kò nílò ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí akọ igi kankan ládùúgbò yín, tí igi yín sì ń gbó déédéé lára ẹ̀ka tuntun, ẹ fa ìlà pa gbogbo Smyrna àti San Pedro láìtíì wo àwòrán kankan. Agbọ́n ti ɓaure tàbí ti ọ̀pọ̀tọ́ igbó kò lè bá a ṣe é. Kálukú ló ní agbọ́n tirẹ̀.

Mẹ́fà tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀

| Irú | Èèpo tó bá pọ́n | Inú | Ohun tó ń tú u fó |
|---|---|---|---|
| Dottato (Kadota ní California) | àwọ̀ ewé tó ń lọ sí ìyeyè | àwọ̀ oyin | oje tó ki máa ń dí ojú ìdí rẹ̀ |
| Adriatic | àwọ̀ ewé | pupa | èèpo jọ ti Dottato, inú kò jọ ọ́ rárá |
| Celeste | búráùn tó ní elésè àlùkò díẹ̀ | pupa fẹ́ẹ́rẹ́ | ó kéré, ojú ìdí rẹ̀ pa dé |
| Brunswick | àwọ̀ idẹ | àwọ̀ oyin | ìka ewé tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Èso wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òjò ń là á |
| Mission | dúdú | pupa fẹ́ẹ́rẹ́ | èso dúdú látòkè délẹ̀ nígbà ẹ̀rùn |
| Brown Turkey ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì | búráùn sí elésè àlùkò | pupa fẹ́ẹ́rẹ́ | kò sí àmì kan tó tó. Ẹ yọ àwọn yòókù kúrò kí ẹ tó pè é bẹ́ẹ̀ |

Brunswick ni ewé rẹ̀ rọrùn jù láti fi wé àwòrán. Fún ẹni tó ń gbé ní Àbújá tó sì fẹ́ jẹ èso nígbà òjò, Celeste ni kí ó máa gbàdúrà pé kó jẹ́. Brunswick á bà á nínú jẹ́.

Dottato àti Adriatic fi hàn ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àwòrán tó la èso. Láti ìta, ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ lè ṣì wọ́n mú. Ẹ fi ọ̀bẹ là wọ́n: àríyànjiyàn ti parí.

Fọ́tò tiyín

Àwòrán àtijọ́ kò lè ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ kò bá ní ohun tó dára láti fi wé e. Ẹ ká èso nígbà tí ọrùn rẹ̀ bá ti rọ tó sì ń wo ilẹ̀; èso tó ṣì nà ró kò tíì pọ́n. Ẹ mú bíi márùn-ún, kì í ṣe èyí tó tóbi jù nìkan. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lódindi, ẹ yí ọ̀kan kí ojú ìdí rẹ̀ kọjú sí fóònù, ẹ la ìyókù láti ọrùn gba ojú ìdí kọjá. Ẹ gbé rúlà tì wọ́n. Ibòji òwúrọ̀ ló dára. Oòrùn ọ̀sán Àbújá á pa gbogbo àwọ̀ rẹ́. Oje funfun ara igi máa ń yún ènìyàn, ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ní ti ewé, àárín ẹ̀ka ni kí ẹ ti já a, èyí tó ti dàgbà. Ewé ẹ̀ka tó yọ láti ìdí igi máa ń pín ju bó ti yẹ lọ, tí òkè pátápátá sì lè máà pín rárá. Igi kan náà lè ní ewé ìka mẹ́ta àti ìka márùn-ún, nítorí náà ẹ já tó mẹ́fà kí ẹ tó sọ pé “ewé rẹ̀ rí báyìí.” Ẹ má já ti ìgbà ọyẹ́ tí etí rẹ̀ ti jó. Ẹ rí i pé ohun tó dára fún èso kọ́ ló dára fún ewé: ewé nígbà òjò, èso nígbà ẹ̀rùn.

Ààpù fóònù tó ń dá igi mọ̀ máa sọ fún yín pé Ficus carica ni. Ó dára fún yíyà á sọ́tọ̀ kúrò lára ɓaure, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò DNA lágbára ju gbogbo àwòrán lọ láti sọ bóyá igi méjì jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí igi tí wọ́n ti mọ̀ dájú láti fi wé e, irú èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà kó jọ sí Davis ní California. Fún igi mẹ́ta nínú ọgbà, owó yẹn pọ̀ jù.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ohun tí ẹ fẹ́ kò bá ju pé kí ẹ mọ̀ bóyá igi náà á fara da òjò, ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ wo ojú ìdí èso. Bó bá dí, ẹ gbìn sí i. Bó bá ṣí gbayawu, ẹ wá ibi tí òjò kò ti ní bà á, abẹ́ òrùlé fáráńdà fún àpẹẹrẹ.

Bí orúkọ lẹ fẹ́, ti Washington lẹ́yìn tí ẹ bá ti la èso, Gallesio fún ewé, Condit níkẹyìn. Bí ti ilẹ̀ wa bá ni, Keay àti Dalziel, kí ẹ sì yọjú sí Idu. Bí ògiri lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, Blackwell ni kí ẹ tẹ̀, nítorí obìnrin yẹn yẹ fún un.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣe gbogbo èyí kó ku orúkọ méjì tí ẹ kò lè yàn láàárín wọn. Ẹ má yan èyí tó dùn lẹ́nu jù. Bí àwọn tó ń kó ọ̀pọ̀tọ́ jọ lókè òkun ṣe ń ṣe ni pé wọ́n á kọ “àìmọ̀” sí i, wọ́n á fi ìlú tí wọ́n ti rí i tì í. “Àìmọ̀ Kubwa, èèpo búráùn, inú pupa, ojú dí”, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí ẹ gé ẹ̀ka náà, tó láti kọ sára ike tí ẹ máa so mọ́ ọn. Ẹ kọ orúkọ méjì tó kù sẹ́yìn ike náà pẹ̀lú pẹ́ńsù, torí pé oòrùn máa ń pa yíǹkì bírò rẹ́ kí ọdún tó yí po.